Òṣùwọ̀n Kan Ṣoṣo: Bí Ọ̀dọ́ Mùsùlùmí Ṣe Lè Fi Làákàyè àti Ẹ̀rí Wọn Ọ̀rọ̀ Ẹ̀sìn

Ọ̀rọ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn ọ̀dọ́ Mùsùlùmí Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun, Ìlobùú àti Ifọ̀n-Ọ̀ṣun

Gbogbo ọpẹ́ ń bẹ fún Ọlọ́run Allah, Ọba tó fún ọmọ ènìyàn ní etí tí ó fi ń gbọ́, ojú tí ó fi ń ríran àti ọkàn tí ó fi ń ronú. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn sàhábé rẹ̀ àti gbogbo ẹni tó ń tọ ipasẹ̀ wọn títí di ọjọ́ ìkẹyìn.



Ní Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun àti ní àwọn ìlú tó yí i ká, agbo ilé kan náà ni ẹni tí ń lọ sí mọ́sáláṣí, ẹni tí ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì àti ẹni tí ń bọ egúngún ti sábà máa ń jáde. Ìlú tí a mọ̀ dé òkè òkun nítorí ìlù bàtá ni Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń lu ìlù náà ló ń jẹ́ orúkọ Mùsùlùmí, bẹ́ẹ̀ ni ìlù tí wọ́n jogún lọ́wọ́ baba wọn jẹ́ ìlù Ṣàngó àti ti egúngún. Ní irú ìlú bẹ́ẹ̀, ìbéèrè nípa ẹ̀sìn tó jẹ́ òtítọ́ kì í gbé inú ìwé nìkan. Ó ń yọjú níbi ìsọmọlórúkọ, ó ń yọjú níbi ìsìnkú, ó ń yọjú nígbà tí ọmọkùnrin Mùsùlùmí bá fẹ́ gbé ọmọ onígbàgbọ́ níyàwó, ó sì ń yọjú ní ìrọ̀lẹ́ nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ bá jókòó tí iyàn bá bẹ̀rẹ̀.

Àwọn ará àgbègbè yìí sì mọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ìtàn méjì tó tako ara wọn bá pàdé tí kò sí adájọ́ láàrin. Ní ọdún 2025, ìjà ilẹ̀ láàrin Ifọ̀n àti Ìlobùú sọ ilé di eérú, ó sì gba ẹ̀mí, títí ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun fi gbé òfin kónílé-ó-gbélé kalẹ̀. Ìlú kọ̀ọ̀kan ló ní ìtàn tirẹ̀, ìtàn kọ̀ọ̀kan ló sì dùn létí ẹni tó ni ín. Ṣùgbọ́n pé ọ̀rọ̀ kan dùn létí kò sọ ọ́ di ẹ̀rí. Bí ó ti rí nínú ọ̀rọ̀ ilẹ̀ náà ni ó rí nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn: ẹni tí kò bá kọ́ bí a ti ń wọn ẹ̀rí, ohùn rara ni yóò fi jà, nígbà tí ohùn bá sì tán, ọwọ́ ni yóò kù. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí ọ̀dọ́ Mùsùlùmí mọ bí a ti ń fi làákàyè àti ẹ̀rí wọn ọ̀rọ̀, pàápàá jù lọ ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu òun fúnra rẹ̀.

Ọlọ́run Fúnra Rẹ̀ Ló Béèrè Ẹ̀rí

Nínú Suratul-Baqarah (2:111), Al-Kùránì mẹ́nu ba àwọn tó ń sọ pé kò sí ẹni tí yóò wọ Àlùjánnà àfi ẹni tó bá jẹ́ Júù tàbí Nàsárà. Ọlọ́run kò pàṣẹ fún Ànábì pé kí ó pariwo mọ́ wọn tàbí kí ó bú wọn. Ẹ̀rí ni Ó ní kí ó béèrè lọ́wọ́ wọn, bí wọ́n bá jẹ́ olódodo. Nínú Suratu Al-Imran (3:65), nígbà tí àwọn kan ń jà lórí ẹ̀sìn tí Ànábì Ibrahim ṣe, ọ̀nà tí Al-Kùránì gbà dá wọn lóhùn ni pé kí wọ́n wo àkókò: lẹ́yìn Ibrahim ni Taoreta àti Injila ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀rọ̀ làákàyè gbáà nìyí. Ẹni tó kú kí ìwé kan tó dé ayé kò lè jẹ́ ọmọlẹ́yìn ìwé náà.

Suratul-Hujurat (49:6) pàṣẹ pé bí ẹni tí kò ṣe é fọkàn tán bá mú ìròyìn wá, kí a wádìí rẹ̀ dáadáa kí a má baà ṣe àwọn ènìyàn níbi láìmọ̀. Suratul-Baqarah (2:170) sì bá àwọn tó ń wí pé ohun tí àwọn bá lọ́wọ́ baba àwọn ni àwọn yóò máa tọ̀ wí. Ẹni tó bá ka àwọn àyọkà wọ̀nyí yóò rí i pé ìgbàgbọ́ tí Ìsìláàmù ń fẹ́ kì í sá fún ìbéèrè.

Àwọn onímímọ̀ àtijọ́ gba ẹ̀kọ́ yìí, wọ́n sì fi í ṣiṣẹ́. Imam al-Ghazali, tó kú ní ọdún 1111, sọ ìtàn ara rẹ̀ pé láti ìgbà ọ̀dọ́ ni òun ti ṣàkíyèsí pé ọmọ Nàsárà ń dàgbà di Nàsárà, ọmọ Júù ń dàgbà di Júù, ọmọ Mùsùlùmí sì ń dàgbà di Mùsùlùmí. Ó bi ara rẹ̀ léèrè pé, bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló mú ìgbàgbọ́ ẹni kúrò ní ohun tí òbí gbé fún un, kí ló sì sọ ọ́ di ìmọ̀? Ìbéèrè yìí ló yẹ kí gbogbo ọ̀dọ́ tí a bí sínú Ìsìláàmù ní Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun bi ara rẹ̀ ní ìgbà kan nínú ayé rẹ̀. Al-Ghazali tún sọ pé bí ẹnì kan bá wí pé ẹ̀ta pọ̀ ju ẹ̀wá lọ, tí ó sì sọ ọ̀pá di ejò lójú òun láti fi jẹ́rìí ọ̀rọ̀ rẹ̀, ẹnu lè ya òun sí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n òun kò ní tìtorí rẹ̀ ṣiyèméjì nínú ìṣirò. Iṣẹ́ àràmàǹdà kò sọ irọ́ di òtítọ́.

Ìdì Tí A Kò Tú

Ẹjọ́ kan wà nínú ìtàn ilẹ̀ Yorùbá tó fi hàn bí a ti ń wọn ẹ̀rí àti bí ojúsàájú ti ń bà á jẹ́. Àlùfáà Samuel Johnson, pásítọ̀ ìjọ Áńgílíkà ní Ọ̀yọ́, parí ìwé ìtàn àwọn Yorùbá ní ọdún 1897. Ó kú ní ọdún 1901, ọdún 1921 sì ni ìwé náà ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láti ọwọ́ àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson. Nínú ìwé yìí ni Johnson kọ ìtàn kan tí ó gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà sí, tí ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí Yorùbá sì ń sọ títí di òní.

Ìtàn náà sọ pé Lamurudu jẹ́ ọba ní Mẹ́kà, Odùduwà sì ni àrẹ̀mọ rẹ̀. Odùduwà yí padà sí ìbọ̀rìṣà, ó sì sọ mọ́sáláṣí ńlá ìlú náà di ilé òrìṣà. Asara ni àwòrò rẹ̀, òun náà ló sì ń gbẹ́ ère tà. Asara bí ọmọ kan tó ń jẹ́ Braima, Mùsùlùmí ni ọmọ náà ní tirẹ̀. Ní ọjọ́ kan tí gbogbo ọkùnrin lọ sí ìgbẹ́ ọdẹ, Braima mú àáké, ó fọ́ àwọn ère, ó sì fi àáké kọ́ ọrùn èyí tó tóbi jù nínú wọn. Nígbà tí wọ́n bi í pé ta ló ṣe é, ó ní kí wọ́n bi ère ńlá náà. Wọ́n dájọ́ pé kí a dáná sun ún, wọ́n kó ẹgbẹ̀rún ẹrù igi jọ. Ibẹ̀ ni ogun ti bẹ́ sílẹ̀. Wọ́n pa Lamurudu, wọ́n lé àwọn ọmọ rẹ̀ jáde, Odùduwà sì rìn títí tí ó fi dé Ilé-Ifẹ̀. Wọ́n rán ẹgbẹ́ ọmọ ogun tẹ̀ lé e, ó ṣẹ́gun wọn, ó sì gba Al-Kùránì kan lọ́wọ́ wọn nínú ìkógun. Wọ́n di ìwé náà pa, wọ́n gbé e sí ojúbọ, wọ́n sì ń bọ ọ́ ní orúkọ Ìdì, èyí tí ó túmọ̀ sí ohun tí a dì.

Johnson fi ìtàn yìí sórí òṣùwọ̀n. Ó béèrè pé bí irú ọ̀rọ̀ ńlá báyìí bá ṣẹlẹ̀ ní Mẹ́kà, báwo ni àwọn òǹkọ̀tàn Lárúbáwá kò ṣe kọ ohunkóhun nípa rẹ̀? Ó tún béèrè pé, nígbà tí Al-Kùránì pọ̀ káàkiri ilẹ̀ Yorùbá tí kò sì sí ẹni tó ń bọ ọ́, kí ló dé tí wọ́n yóò fi bọ èyí tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ọ̀tá wọn? Ìbéèrè tó mọ́gbọ́n wá ni ìbéèrè méjèèjì. Ẹni tó bá jẹ́ olódodo yóò gbà bẹ́ẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àlùfáà onígbàgbọ́ ló béèrè wọn.

Ṣùgbọ́n ibi tí ẹ̀kọ́ wà ni ibi tí Johnson gbà lọ lẹ́yìn náà. Ó ní ó dà bí ẹni pé ohun tó wà nínú ìdì náà kì í ṣe Al-Kùránì rárá, pé Ìwé Mímọ́ àwọn onígbàgbọ́ ni, èyí tí a ká jọ bí wọ́n ti ń ká ìwé ní ayé àtijọ́. Kò mú ẹnì kan wá tó sọ pé òun tú ìdì náà tí òun sì ka ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹ̀rí tí ó béèrè lọ́wọ́ àwọn Mùsùlùmí, kò béèrè irú rẹ̀ lọ́wọ́ ara rẹ̀. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọ̀bẹ ti wù kí ó mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀.

Ìdì kan náà nìyí. Mùsùlùmí wò ó, ó rí Al-Kùránì. Àlùfáà wò ó, ó rí Bíbélì. Ohun tí ojú kálukú rí ni ohun tó ti wà lọ́kàn rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Kí ọ̀dọ́ Mùsùlùmí má ṣe kánjú fi Johnson rẹ́rìn-ín, nítorí àwọn tó kọ́kọ́ sọ pé Al-Kùránì ni, àwọn náà kò mú ẹni tó tú u wá.

Ẹlẹ́rìí Mélòó?

Ẹnì kan lè sọ pé, "Kì í ṣe Johnson nìkan ló sọ̀rọ̀ Lamurudu. Sultan Muhammad Bello ti Sókótó náà kọ ọ́ sínú ìwé." Òótọ́ ni pé nínú ìwé tí ó parí ní ọdún 1812, Bello kọ ọ́ pé àwọn Yorùbá jẹ́ ìyókù àwọn ọmọ Kénáánì, láti ẹ̀yà Namurudu. Nígbà tí Clapperton, arìnrìn-àjò ọmọ ilẹ̀ Bìrìtìkó, dé Sókótó ní ọdún 1824, ó gba àyọkà láti inú ìwé náà, a sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1826. Johnson mọ àyọkà yìí, ó sì lò ó nínú ìwé tirẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá ka Bello ní ẹnì kan, Clapperton ní ẹnì kejì, Johnson ní ẹnì kẹta, ti ka ohùn kan ní ìlọ́po. Bí ọgọ́rùn-ún ènìyàn bá gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹnì kan, ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo ni wọ́n.

Ẹ̀kọ́ yìí kò ṣàjèjì sí Mùsùlùmí. Òun ni ìpìlẹ̀ ìmọ̀ hádíìsì. Imam al-Bukhari, tó kú ní ọdún 870, àti àwọn onímímọ̀ bíi tirẹ̀ kì í gba ọ̀rọ̀ nítorí pé ó dùn tàbí nítorí pé ó pọ̀ lẹ́nu. Wọ́n á béèrè pé ta ló sọ ọ́ fún ọ, ta ló sọ ọ́ fún ẹni náà, ǹjẹ́ wọ́n pàdé láyé, ǹjẹ́ ó jẹ́ olóòótọ́, ǹjẹ́ iyè rẹ̀ pé? Bí òrùka kan bá já nínú ẹ̀wọ̀n náà, wọ́n á sọ pé ó já.

Bí a bá wá wo inú ìtàn Lamurudu fúnra rẹ̀, ó ń tú àṣírí ara rẹ̀. Namurudu, Asara, Braima, àáké lọ́rùn ère ńlá, iná tí a fẹ́ fi sun ọmọ: ìtàn Ànábì Ibrahim ni èyí. Apá tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ wà nínú Suratul-Anbiya (21:51–70), orúkọ Azar, baba Ibrahim, sì wà nínú Suratul-An'am (6:74). Àwọn Mùsùlùmí máa ń pe ọba tó bá Ibrahim jà ní Namurudu. Bí ó bá jẹ́ pé ayé Ibrahim ni Odùduwà gbé, báwo ni wọ́n ṣe gba Al-Kùránì nínú ìkógun, nígbà tó jẹ́ pé ní nǹkan bí ọdún 610 lẹ́yìn ìbí Ànábì Isa ni Al-Kùránì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀? Ẹ̀rí àkókò tí Suratu Al-Imran fi dá àwọn ará ìgbàanì lóhùn, òun náà ló dá ìtàn yìí lóhùn.

Àwọn ẹ̀rí mìíràn tún wà. Àwọn onímọ̀ èdè pín èdè Yorùbá pọ̀ mọ́ èdè Ìgalà àti Ìtsẹ̀kírì nínú ìdílé ńlá tí ọ̀pọ̀ èdè ilẹ̀ Áfíríkà wà. Ìdílé mìíràn ni èdè Lárúbáwá wà. Àwọn ọ̀rọ̀ bí àlàáfíà, wàásù àti àdúrà jẹ́ ọ̀rọ̀ tí èdè Yorùbá yá, bí aládùúgbò ti ń yá nǹkan lọ́wọ́ aládùúgbò; yíyá kò sọni di ọmọ bíbí ilé. Ní ọdún 1965, Ọ̀jọ̀gbọ́n Thurstan Shaw àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wú egungun ènìyàn nínú Ihò Eléérú nítòsí Ìsàrun ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, ọjọ́ orí egungun náà sì lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ọdún. Ènìyàn ti ń gbé ilẹ̀ yìí kí Mẹ́kà tó di ìlú tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Kí ni Ìsìláàmù pàdánù nínú gbogbo èyí? Kò pàdánù ohunkóhun. Kò sí ibì kan nínú òpó ẹ̀sìn tí a ti ní kí ọmọ Yorùbá jẹ́ ọmọ Mẹ́kà kí ìgbàgbọ́ rẹ̀ tó pé. Òtítọ́ Ìsìláàmù kò gbára lé ìdì tí ẹnì kan dì sí Ilé-Ifẹ̀. Ẹni tó ń fi ìtàn náà bú àwọn oníṣẹ̀ṣe pé ìsáǹsá Mùsùlùmí ni baba ńlá wọn, ẹ̀rí tí kò dúró ni ó fi ń jà, ó sì ń fi orúkọ Ìsìláàmù jà á.

Ẹ̀rí Tó Yẹ Kí Mùsùlùmí Sọ Sílẹ̀

Ìdì bẹ́ẹ̀ pọ̀ ní ayé òde òní. Ọ̀kan nínú wọn ni ìwé tí a ń pè ní Injila Barnaba. Lonsdale Ragg àti ìyàwó rẹ̀ Laura túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì ní Oxford ní ọdún 1907, ìtumọ̀ Lárúbáwá sì jáde ní Káírò ní ọdún 1908. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ oníwàásù Mùsùlùmí ti ń gbé e sókè pé ìwé tí ọmọlẹ́yìn Ànábì Isa kọ nìyí, orúkọ Muhammad sì wà nínú rẹ̀ gbangba.

Ẹ jẹ́ kí a wọ̀n ọ́n. Èdè Ítálì ni wọ́n fi kọ ẹ̀dà àtijọ́ rẹ̀ tó wà ní Vienna, kò sì sí ẹ̀dà kankan ní èdè tí Ànábì Isa tàbí àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ sọ. Ó ní ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n wọ̀ dé Násárẹ́tì, bẹ́ẹ̀ ni Násárẹ́tì kò sí létí omi. Ó ní ọgọ́rùn-ún ọdún ni ọdún Júbílì fi ń yípo. Àádọ́ta ọdún ni Taoreta kọ, ọdún 1300 sì ni Póòpù Boniface Kẹjọ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́ di ọgọ́rùn-ún. Ìwé náà tún ní Ànábì Isa sẹ́ pé òun kọ́ ni Masihu, pé Muhammad ni. Al-Kùránì sì ni ó pe Isa ní Masihu, nínú Suratu Al-Imran (3:45) àti ní ibòmíràn. Mùsùlùmí tó gbé ìwé yìí dání láti fi borí onígbàgbọ́ ti gbé ohun tó ń tako Al-Kùránì dání, kò sì mọ̀. Abbas Mahmud al-Aqqad, òǹkọ̀wé ńlá Mùsùlùmí ilẹ̀ Íjíbítì, ti kìlọ̀ nípa ìwé náà tipẹ́.

Òmíràn ni ìtàn Neil Armstrong, ẹni tó kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ tẹ òṣùpá ní ọdún 1969. Ìròyìn tàn ká pé ó gbọ́ ìpè ìrun níbẹ̀, ó sì di Mùsùlùmí. Armstrong sẹ́ ìròyìn náà, ìjọba Amẹ́ríkà sì kọ̀wé sí àwọn ọ́fíìsì aṣojú rẹ̀ ní òkè òkun ní ọdún 1983 pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ó kú ní ọdún 2012, síbẹ̀ àwọn oníwàásù kan ṣì ń sọ ọ́ lórí àga.

Àwọn tó ń tan irú ìròyìn yìí lè ní ọkàn rere. Ṣùgbọ́n ọkàn rere kò wẹ irọ́ mọ́. Nígbà àtijọ́, Nuh ọmọ Abu Maryam jẹ́wọ́ pé òun dá hádíìsì sílẹ̀ lórí ọlá àwọn súrà Al-Kùránì, kí àwọn ènìyàn lè padà máa kà á. Àwọn onímímọ̀ kò yìn ín. Wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn òpùrọ́. Ànábì ti kìlọ̀ pé ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ pa irọ́ mọ́ òun, iná ni ibùjókòó rẹ̀. Kò yọ ẹni tó pa irọ́ nítorí ẹ̀sìn sílẹ̀. Ewu tó tún wà níbẹ̀ ni pé ọ̀dọ́ tí a fi ìtàn òṣùpá mú wọ inú ẹ̀sìn, ní ọjọ́ tó bá mọ̀ pé irọ́ ni, ó lè rò pé bẹ́ẹ̀ ni ìyókù rí.

Al-Kùránì Náà Lórí Òṣùwọ̀n

Òdodo kò ní jẹ́ kí Mùsùlùmí wọn ìwé ẹlòmíràn kí ó sì fi tirẹ̀ pamọ́. Ní ọdún 1977, John Wansbrough, onímọ̀ kan ní Lọ́ńdọ̀nù, kọ̀wé pé ó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ lẹ́yìn ikú Ànábì kí a tó kó Al-Kùránì jọ bí a ti mọ̀ ọ́n lónìí. Ọ̀rọ̀ tí a lè yẹ̀ wò ni. Ní oṣù Keje ọdún 2015, Yunifásítì Birmingham kéde pé ewé awọ méjì tí wọ́n ní lọ́wọ́, tí apá kan Suratul-Kahf, Suratu Maryam àti Suratu Ta-Ha wà lára rẹ̀, ti gba àyẹ̀wò ní Oxford. Àyẹ̀wò náà fi hàn pé ẹran tí a bó awọ náà lára rẹ̀ gbé ayé láàrin ọdún 568 sí 645, ìdánilójú rẹ̀ sì jẹ́ 95.4 nínú ọgọ́rùn-ún. Ànábì kú ní ọdún 632. Ohun tó wà lára awọ náà sì bá èyí tí ọmọ ilé-kéwú ń kà ní Ìlobùú lónìí mu.

Ẹ̀rí ńlá ni èyí, ó sì tako ọ̀rọ̀ Wansbrough gidigidi. Ṣùgbọ́n kí ọ̀dọ́ mọ ibi tí ẹ̀rí náà dé. Awọ ni wọ́n yẹ̀ wò, wọn kò yẹ tàdáwà wò. Ó sì jẹ́rìí pé ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́, pé a kò ṣẹ̀ṣẹ̀ hun ún; kò lè jẹ́rìí fúnra rẹ̀ pé ọ̀dọ̀ Ọlọ́run ni ó ti wá. Ìyẹn ní ẹ̀rí tirẹ̀: ohun tó wà nínú ìwé náà, ìgbé ayé ẹni tó mú un wá, àti ìpè tí ìwé náà pe gbogbo ènìyàn láti mú irú rẹ̀ wá. Ẹni tó bá ka gbogbo èyí papọ̀ láìní ìkánjú lè dé ibi ìdánilójú. Ẹni tó bá fi awọ kan ṣoṣo parí iyàn ti gbé ẹrù tó ju agbára awọ lọ lé e lórí.

Bákan náà ni kí ó ṣe fún ẹlòmíràn. Al-Biruni, onímímọ̀ Mùsùlùmí tó kọ̀wé nípa ẹ̀sìn àwọn ará Íńdíà ní nǹkan bí ọdún 1030, kọ́kọ́ kọ́ èdè wọn, ó sì kọ ohun tí àwọn fúnra wọn gbà gbọ́ sílẹ̀, kì í ṣe ohun tí ọ̀tá wọn ní wọ́n gbà gbọ́. Ọ̀dọ́ tó fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa Odùduwà tí a ní ó fi ẹ̀wọ̀n rọ̀ sí Ilé-Ifẹ̀, kí ó kọ́kọ́ gbọ́ ọ lẹ́nu babaláwo kí ó tó dá a lóhùn. Ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ìgbàgbọ́ onígbàgbọ́, kí ó ka Bíbélì rẹ̀. Agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà ni.

Ìbéèrè Mẹ́rin

Nígbà tí ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn kan bá dé iwájú ọ̀dọ́, yálà láti orí àga oníwàásù ni tàbí láti orí fóònù, kí ó bi í ní ìbéèrè mẹ́rin.

Èkíní, kí gan-an ni a sọ? Ọ̀rọ̀ tí kò ní ojú, a kò lè wọ̀n ọ́n.

Èkejì, ta ló rí i, ọ̀dọ̀ ta sì ni ó ti dé ọ̀dọ̀ wa? Kí ó ka orísun, kí ó má ka ẹnu.

Ẹ̀kẹta, ǹjẹ́ ó bá ara rẹ̀ mu, ǹjẹ́ ó sì bá ohun tí a ti mọ̀ dájú mu?

Ẹ̀kẹrin ni èyí tó le jù: bí ẹni tí ẹ̀sìn rẹ̀ yàtọ̀ bá mú irú ẹ̀rí yìí wá, ṣé a ó gbà á? Bí àlá tí pásítọ̀ lá kò bá tó ẹ̀rí lójú Mùsùlùmí, kí Mùsùlùmí má fi àlá aáfà ṣe ẹ̀rí fún pásítọ̀. Bí èrò tó kún ilé ìjọsìn ẹlòmíràn kò bá sọ ọ̀rọ̀ wọn di òtítọ́, èrò tó kún yídì náà kò sọ tiwa di òtítọ́. Òṣùwọ̀n kan ṣoṣo ni ó gbọ́dọ̀ wà lọ́jà. Àwọn tó ń fi òṣùwọ̀n kan rà tí wọ́n sì ń fi òmíràn tà, Suratul-Mutaffifin ti sọ ohun tí yóò jẹ́ èrè wọn.

Àkótán

Làákàyè kò lè rí ohun gbogbo. Ohun ìkọ̀kọ̀ wà tí Ọlọ́run nìkan mọ̀, ẹni tó bá sì ti fi ẹ̀rí mọ òjíṣẹ́ kan ní olóòótọ́ lè gba ohun tí ojú òun kò tó lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n làákàyè ni olùṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Bí a bá lé e kúrò níbẹ̀, olè àti àlejò yóò jọ wọlé.

Ẹni tí ẹ̀rí bá sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò nílò èébú. Nínú Suratu Saba (34:24), Ọlọ́run kọ́ Ànábì láti bá àwọn alátakò rẹ̀ sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń gbé ọ̀ràn síwájú adájọ́, pé ọ̀kan nínú ikọ̀ méjèèjì ló wà lórí ìmọ̀nà, èkejì sì wà nínú ìṣìnà tó hàn. Suratul-An'am (6:108) kọ̀ fún Mùsùlùmí láti bú ohun tí ẹlòmíràn ń sìn. Suratul-Maidah (5:8) sì kìlọ̀ pé kí ìkórìíra sí àwọn kan má mú wa yẹ̀ kúrò lórí òdodo. Lẹ́yìn iyàn, ọmọ ìyá onígbàgbọ́ yóò ṣì jẹ́ ọmọ ìyá, onílù bàtá yóò ṣì jẹ́ ará ilé, ará Ifọ̀n àti ará Ìlobùú yóò sì tún pàdé lọ́jà.

Kí àwọn ọ̀dọ́ padà sílé, kí wọ́n yẹ ìdì tó wà lọ́wọ́ wọn wò. Èyí tó bá ní òtítọ́ nínú, kí wọ́n dì í mú ṣinṣin. Èyí tí kò bá ní, kí wọ́n sọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹlòmíràn tó tú u lójú wọn. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a.

Kí Ọlọ́run Allah fi òtítọ́ hàn wá ní òtítọ́, kí Ó fún wa ní agbára láti tẹ̀ lé e. Kí Ó fi irọ́ hàn wá ní irọ́, kí Ó sì fún wa ní agbára láti jìnnà sí i. Kí Ó fi àlàáfíà sí àwọn ìlú wa. Àmín.